Orí Ọmọ Mi Láàárín Orúnkún Ẹlòmíì

Òkè-Àgbédẹ,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Hamdalah ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Às-sàlámù àlékún o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ojú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn tó ń gbọn èèyàn bí ẹni ń ku èlùbọ́, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kán sí ọ lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ l'Ékòó, kó tutù fún ọ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, àlàáfíà la wà, bàbá rẹ sì wà láàyè. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn á yà ọ́ lẹ́nu, wàá ní kí ló dé tí ìyá mi ń fi ìyẹn ṣe ìròyìn, ṣùgbọ́n bóyá o ti gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu àwọn ará ilé tó ń wá sí Ìkòtún. Bàbá rẹ ò kú o. Ó ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ń ráhùn pé iyọ̀ rẹ̀ kéré.

Ìwé ni mo kọ, mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ń fi ohùn ránṣẹ́, inú á ti bí mi kí n tó dé ìdajì, bí mo bá sì ti gbé ìka kúrò báyìí ó ti lọ nìyẹn, kò sí bí mo ṣe lè sáré tẹ̀ lé e. Ìwé ni èèyàn lè fà ya. Mo ti fa mẹ́ta ya kí n tó kọ èyí. O mọ̀ pé mo jókòó nílé ìwé títí dé kíláàsì àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ ohun tó wà nínú ẹni, ńṣe ló dà bíi pé mi ò rí gègé rí. Bí mo pè ọ́ náà, obìnrin inú fóònù yẹn ló máa ń gbé e, á ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ẹ̀rọ mọ ibi tí ọmọ mi wà, èmi ò mọ̀. Olúwagbénga tó ń kó èlùbọ́ wá sí ọjà Ìkòtún ni mo fi ìwé yìí rán. Má jẹ́ kó dúró tì ọ́ nígbà tí o bá ń kà á, ọmọ náà fẹ́ràn àtojúbọ̀.

Hamdalah, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wá bá ọ lóṣù tó kọjá, o ò mọ ohun tó wà nínú báàgì mi. Òyà onígi mi ni, òwú ìdìrí dúdú mẹ́rin, àti ìgò àdí dúdú tí mo fi ọwọ́ ara mi sè. Láti Iléyá ni o ò ti ṣí hìjáàbù lójú mi mọ́, mo sì rò pé ẹ̀sìn ni, mo tilẹ̀ ń fi ọ́ yangàn níwájú Ìyá Súmbọ̀ ará ilé kejì, mo ní kó wá wo ọmọ mi bó ṣe mú ẹ̀sìn le láàárín àwọn ará Èkó. Mo wá ní tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, èmi á jókòó sórí àpótí, ìwọ á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi bíi ti àtijọ́, n óò di ṣùkú fún ọ, a ó sì máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní o ní ó rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì o ní orí ń fọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta ni mo lọ ra ẹja lọ́jà, òjò lé mi padà, mo sì ṣílẹ̀kùn láìkàn án, torí ta ló ń kan ilẹ̀kùn ọmọ tó bí?

O jókòó sílẹ̀. Orí rẹ wà láàárín orúnkún obìnrin kan tí mi ò rí rí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìpara pa orí náà jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, kò sì sí irun kan ṣoṣo lórí náà. Orí tirẹ̀ náà wà ní ìhòòhò, ó ń dán bí igbá tuntun. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kì í ṣe orí rẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Orúnkún yẹn ni mo kọ́kọ́ rí.

O dìde gìrì, obìnrin náà dìde, o ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, èmi àti òun sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, àṣé Mọ́mì lò ń pe òun náà. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti fò sókè nínú mi.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o ṣàlàyé o, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. O ní ó ti pé oṣù mẹ́jọ. O ní ó bẹ̀rẹ̀ bí ojú kọ́bọ̀ kan ní ìpàkọ́, ó di méjì, ó di mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ wá lọ, irun òkè ojú náà tẹ̀ lé e. O ní dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ni wọ́n ṣi irun rẹ mọ̀ fún ọ̀tá, tí wọ́n ń lé e kúrò ní gbòǹgbò. O ní kì í ràn, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ọ́, irun náà lè padà, ó sì lè má padà. Ó yé mi. Ó dà bí ọdẹ tí àdúgbò gbà síṣẹ́ kó máa ṣọ́lé, tó wá ń na onílé lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò lé àwọn ọdẹ náà kúrò níṣẹ́, o sì rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ, ṣùgbọ́n obìnrin náà bá ọ rín in, ńṣe lẹ rín in pọ̀ bí ẹni tó ti jọ ń rín in tipẹ́.

O ní Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀ ni, tíṣà, ọmọ Èkìtì, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. O ní òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn tí irun ń sá fún sílẹ̀ lórí wọ́sáàpù, ẹ sì máa ń ṣe ìpàdé n'Ígàndò ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. O ní lọ́jọ́ tí o fẹ́ ju ara rẹ sílẹ̀, tí o ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló wá jókòó tì ọ́. O ní òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì ya irun òkè ojú. Mo ń wo ojú rẹ. Èmi ni mo bí ojú yẹn, ẹlòmíì ló wá ń ya òkè rẹ̀. Mo wo igun yàrá, mo rí ìgò àdí tí mo fi ránṣẹ́ ní Ramadan, ó ṣì wà nínú ọ̀rá, okùn tí mo fi dì í gan-an ni wọn ò tíì tú. Ìpara tirẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú agolo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bi obìnrin náà pé ṣé ẹ̀yin lẹ bí i fún mi ni? Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ má bínú mà. Bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn tún bí mi nínú, torí ó dàgbà jù mí lọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ kejì mo ti gbéra, mo fi ẹ̀bà tí o gbé síwájú mi sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé ó dùn mí, ebi sì lù mí dé Ìbàdàn.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣe é. O rántí bí mo ṣe máa ń dì í le tó? Wàá máa sunkún, èmi á fi òyà gbá ọ léjìká, n óò ní kó o jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ onídìrí kì í rìn bí ọmọ aláìní. Ìwọ ni pátákó iṣẹ́ mi nígbà yẹn, àwọn èèyàn á rí orí rẹ lójú ọ̀nà iléèwé, wọ́n á wá béèrè ibi tí wọ́n ti dì í. Gbogbo ọ̀nà láti Ìkòtún dé ilé ni mo fi ń wo àwọn ìka mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni o gbé àwòrán yẹn sójú wọ́sáàpù, èyí tí ẹ̀yin obìnrin méjìlá dúró, tẹ́ ẹ ṣí orí sílẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mo tún wò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó pòórá, mo gbé fóònù sáré lọ bá Báyọ̀dé tó ní ṣọ́ọ̀bù POS, mo ní ọmọ mi ti gba àwòrán rẹ̀ padà torí mo wò ó jù. Ó ní rárá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní fóònù máa ń sọ fún ọ pé mo wò ó. Ojú tì mí. O ti rí i nígbà náà pé mo wà lójú fèrèsé rẹ lójoojúmọ́ bí aládùúgbò aláìníṣẹ́. Báyọ̀dé ní òun náà ti rí àwòrán náà, ọ̀nà àbáwọlé ẹgbẹ́ yín wà lábẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán ni. Mo ní kó kọ orúkọ mi sí i.

Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn, Hamdalah. Má rò pé torí ìfẹ́ nìkan ni. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń sọ níbẹ̀ tí o ò lè sọ fún mi.

Báyọ̀dé ń ka ìbéèrè, ó ń san owó fún àwọn oníbàárà, ó tún ń fò síwá sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ní ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ irun yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ pé oṣù tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀, mo mú ẹja lọ́wọ́. Òmíràn ní kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó kọ pé Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ní kí a so àwòrán orí mọ́ ọn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí a ń wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kajú, ẹ ò lè fi ẹnu lásán wọ̀ ọ́, alága ní láti wá sí oko fúnra rẹ̀ kó ka igi kajú yín. Ẹgbẹ́ aláìnírun náà á fẹ́ rí i pé irun ò sí. Mo ní kí Báyọ̀dé dúró dè mí, mo sì gba ọ̀dọ̀ Zacchaeus onígbàjámọ̀ lọ.

Mo jókòó, mo tú gèlè, mo ní kó fá gbogbo rẹ̀. Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń mi orí, ó fá a ní jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bó ẹyin, ó sì kọ̀ jálẹ̀ kò gba owó. Mo ní ọmọlúàbí ni ọmọ yìí o. Bí mo ṣe ń jáde, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kò sì wá sí ọkàn mi! Àní kò wá sí ọkàn mi rárá, pé nínú abúlé yìí, obìnrin tó bá fá orí kodoro, ọkọ rẹ̀ ló kú.

Báyọ̀dé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ látàárọ̀, òun nìkan ni ò rò pé ọkọ mi kú. Ó ya orí mi láti ẹ̀yìn, ewúrẹ́ kan yọjú sí i, ó fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí n tó délé, ẹní ti wà nílẹ̀ lójúde wa. Ìyá Súmbọ̀ ti da omi sí iná tí mo fi ń se ẹ̀wà. Ó dì mọ́ mi, ó ní ẹ kú àráfẹ́rakù, ó ní èèyàn dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pariwo. Mo ní ta ni? Ó ní ẹ sunkún, ẹ sunkún dáadáa, ẹ má fi há ara yín nínú. Ó ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe ní Ṣakí tó lọ yẹn. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lóòótọ́, torí èmi náà rò pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́. Àáfà ti ń ṣe àdúà fún Abdulganiyy bàbá rẹ, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń ní kí ilẹ̀ fẹ̀ fún un, ni ọ̀kadà gbé Abdulganiyy fúnra rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àpò gààrí méjì.

Ìyá Súmbọ̀ sá, ó fi bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níbí. Àáfà nìkan ló dúró, ó ní àdúà kì í ṣòfò, kí wọ́n pa á mọ́ fún un di ọjọ́ iwájú. Bàbá rẹ wo ẹní, ó wo orí mi, ó ní ṣé èmi ni mo kú ni? Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti pe òun kí òun tó san owó ọ̀kadà.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ṣàlàyé fún un. Mo rò pé á bínú. Ó ní torí Hamdalah ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní kí n wo ẹ̀yìn etí òun ọ̀tún. Ibẹ̀ pá róbótó bí ojú kọ́bọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ ni, ó máa ń lọ, ó máa ń padà, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni torí òun rò pé wọ́n á ní àrùn ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe aya ọkùnrin yìí, èmi onídìrí, mi ò rí abẹ́ fìlà ọkọ mi. O mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Mo jowú. Mo ní àṣé ìwọ àti bàbá rẹ lẹ jọ ní i, obìnrin Ẹ̀gbẹ́dá ní i, èmi nìkan ló jẹ́ pé abẹ ni mo fi wá tèmi.

Ọjọ́ kejì fóònù mi dún. Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀ ni. Ó ní ẹ kú ilé mà, Ìyá Hamdalah, òun rí fọ́ọ̀mù yín, òun sì rí ewúrẹ́ náà. Ó ní ṣùgbọ́n mà, ìbéèrè kejì ńkọ́? Mo ní èwo ni kejì? Ó ní ìbéèrè kejì ní ta ni ẹ̀yin, àpótí kékeré méjì ló sì wà níbẹ̀: ọ̀kan fún ẹni tí irun rẹ̀ lọ, ọ̀kan fún ìyá tàbí ará ilé rẹ̀. Báyọ̀dé ti fò ó! Ó ní àyè ìyá ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún tí òun ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní àwọn ìyá mélòó ló ti wọ̀ ọ́? Ó ní kò tíì sí. Ó ní nígbà tí irun tòun lọ, ìyá òun ò wo orí náà títí tó fi kú, bí òun bá wọlé, á yíjú sí ògiri. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń pa ìpara sí orí ọmọ ọlọ́mọ. Mo bi í pé ṣé ọwọ́ mi ló ṣe é, ìdìrí líle yẹn. Ó ní rárá o mà, dídì líle lè ba iwájú orí jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ti Hamdalah kọ́, ti Hamdalah wá láti inú, ó sì lè rìn nínú ẹbí. Mo gbé fóònù náà mọ́ àyà, mo sunkún ju èyí tí mo sun fún bàbá rẹ lọ.

Ó ní kí n wá sí ìpàdé Ìgàndò tó ń bọ̀. Mo ní mi ò wá. Mo ní bí kò bá jẹ́ pé Hamdalah fúnra rẹ̀ ló pè mí, mi ò ní tẹ ẹsẹ̀ mi sí ibẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fún mi ní àyè lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ìyẹn ni ìwé yìí wá ṣe, Àwẹ̀ró. Pè mí. Mi ò ní mú òyà wá. Mi ò ní mú òwú wá. Èmi á jókòó sórí àpótí, ìwọ á jókòó sílẹ̀, wàá gbé orí rẹ sí ibi tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́, ìpara tí dókítà bá sọ náà ni n óò fi pa á. Ọwọ́ mi mọ orí yẹn. Bí irun wà bí kò sí, ó mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan ló ń dà mí láàmú. Irun tèmi ti ń hù padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó ti dúdú, ó ti ń gún mi lọ́wọ́. Ojú ń tì mí tí mo bá fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó ń jẹun níwájú ẹni tí ebi ń pa. Zacchaeus ní òun á tún un fá lọ́fẹ̀ẹ́ bí mo bá kọ́kọ́ fi bàbá rẹ hàn án láàyè. Mi ò mọ èyí tí n óò ṣe. Bí o bá ní kí n fá a, n óò fá a. Bí o bá ní kí n jẹ́ kó hù, n óò jẹ́ kó hù. Sọ fún mi.

Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́, bá mi wá owó ọkọ̀, kí o sì fi díẹ̀ sí i kí n lè ra bàtà ẹsẹ̀ kejì fún Ìyá Súmbọ̀, torí ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Fi rán Olúwagbénga, má gbà á láyè kó kà á.

Kí Ọlọ́run bá ọ pàrọwà fún àwọn ọdẹ inú ara rẹ, kí wọ́n mọ onílé. Bí wọn ò bá gbọ́, kí Ó fún ọ ní ọ̀nà tí wàá fi máa rìn kọjá láàárín wọn láìtẹrí ba. Orí rẹ ò ní burú, orí rẹ ò ní pàdánù ọwọ́ tí ó máa gbé e. Bàbá rẹ kí ọ, kò dé fìlà mọ́ nínú ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí mo bá dé, bá mi pe obìnrin Ẹ̀gbẹ́dá yẹn ní Àǹtí lójú mi. Tí mo bá ti padà sílé, máa pè é ní Mọ́mì, mi ò ní gbọ́.